Áńtíbọ́dì tó ń wá purotéènì inú ìfun: Kí ló dé tí àkọlé ara ìgò nìkan kò fi tó fún onímọ̀ sáyẹ́ǹsì?

Ìgò náà kò ju àtàǹpàkò lọ, omi tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta. Síbẹ̀, owó rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún dọ́là lọ́nà mélòó kan. Orúkọ purotéènì kan ni wọ́n kọ sí ara rẹ̀, ANXA13, lábẹ́ orúkọ náà sì ni ìkìlọ̀ kan wà: fún iṣẹ́ ìwádìí nìkan.

Áńtíbọ́dì ló wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀. Áńtíbọ́dì ni èròjà tí ara ènìyàn àti ti ẹranko máa ń ṣe láti fi dá ohun àjèjì mọ̀ kí wọ́n lè gbógun tì í. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ìgò yìí kò sí fún ìwòsàn. Títọ́ka ni iṣẹ́ tirẹ̀. Yóò wọ àárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún purotéènì tó wà nínú ẹran ara ìfun, yóò wá ẹyọ kan ṣoṣo rí, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì fi han onímọ̀ tó ń wò ó pé ibí ló wà.

Bí ó bá tọ́ka sí ibi tó tọ́, ìmọ̀ nípa ìgbẹ́ gbuuru, nípa àwọn ọmọdé tí kò dàgbà tó bó ṣe yẹ àti nípa àrùn jẹjẹrẹ ìfun lè fẹjú sí i. Bí ó bá sì lọ tọ́ka sí ẹlòmíràn, owó ńlá àti ọdún púpọ̀ lè ti ṣòfò kí ẹnikẹ́ni tó fura. Ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Kí ni purotéènì tí wọ́n ń wá náà?

Ìfun kì í ṣe ọ̀nà lásán tí oúnjẹ ń gbà kọjá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tò sí ojú inú rẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo, wọ́n fara ti ara wọn bí búlọ́ọ̀kù ara ògiri. Apá kan sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kọjú sí oúnjẹ, apá kejì kọjú sí ẹ̀jẹ̀. Èyí tó kọjú sí oúnjẹ hu ohun wínníwínní kan jáde tó ṣù pọ̀ bí irun ara búrọ́ọ̀ṣì, ibẹ̀ ni ara sì ti ń fa èròjà oúnjẹ mu. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á ti kú, àwọn tuntun á sì ti gba ipò wọn.

Kí irú ògiri bẹ́ẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ mọ ẹrù tó yẹ kó lọ sí ojú ibi tí oúnjẹ wà, kó sì mọ èyí tó yẹ kó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀jẹ̀. Inú àwọn àpò tíntìntín ni sẹ́ẹ̀lì ń di ẹrù wọ̀nyí sí. Awọ tí wọ́n fi ọ̀rá ṣe ni àpò náà, bí awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe jẹ́ ọ̀rá. Ibi tí awọ àti ẹrù ti ń pàdé yìí ni purotéènì tí à ń sọ, Annexin A13, ti rí iṣẹ́ ṣe.

Annexin jẹ́ orúkọ ìdílé kan. Gbogbo ọmọ ìdílé náà ló máa ń lẹ̀ mọ́ awọ ọ̀rá, pàápàá nígbà tí èròjà kálísíọ́mù bá wà nítòsí. Méjìlá ni wọ́n nínú ara ènìyàn. Nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn bẹ̀rẹ̀ láti A1, ó sì parí sí A13, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ń jẹ́ A12, àyè rẹ̀ ṣófo. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wà káàkiri ara. A13 ní tirẹ̀ fi ìfun ṣe ibùgbé jùlọ, ìdí sì nìyí tí àwọn tó kọ́kọ́ rí i fi pè é ní annexin ti ìfun.

Burton Wice àti Jeffrey Gordon, ní Fásitì Washington tó wà ní ìlú St. Louis lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Wọ́n rí i pé ẹyọ ọ̀rá kékeré kan wà tí sẹ́ẹ̀lì so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ purotéènì náà, bí ìgbà tí apẹja so ìwọ̀ mọ́ orí okùn. Ìwọ̀ yìí ń ràn án lọ́wọ́ láti fi ara kọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìròyìn ìlera ilẹ̀ Áfíríkà lè ti gbọ́ orúkọ Gordon níbòmíràn, nítorí òun náà wà lára àwọn tó tọpinpin ìbejì 317 ní orílẹ̀-èdè Malawi, tí wọ́n sì kọ̀wé ní ọdún 2013 nípa ipa tí àwọn kòkòrò inú ìfun ń kó nínú àìsàn kwashiorkor. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, ṣùgbọ́n inú ìfun kan náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìròyìn àkọ́kọ́ yẹn, ní 1995, Klaus Fiedler, Kai Simons àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ìlú Heidelberg lórílẹ̀-èdè Jámánì, ṣe ìdánwò kan tó ṣàlàyé iṣẹ́ purotéènì yìí. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ̀ wá láti inú kíndìnrín ajá ni wọ́n lò, nítorí pé ó rọrùn láti tọ́ nínú àwo, ó sì ní ojú méjì bíi ti ìfun. Wọ́n lu ihò sí awọ sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n sì da áńtíbọ́dì tó ń di annexin yìí mú sínú rẹ̀. Ẹrù tó yẹ kó lọ sí ojú òkè fà sẹ́yìn. Èyí tó ń lọ sí ojú kejì ń bá ìrìn tirẹ̀ lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí gbogbo ìdánwò yìí dúró lé lórí. Ká ní áńtíbọ́dì náà ti lọ di purotéènì mìíràn mú ni, àbájáde yẹn ìbá ṣì jáde, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ìbá ti yàtọ̀ pátápátá. Àwọn onímọ̀ Heidelberg kò fi mọ sí ẹ̀rí kan ṣoṣo. Wọ́n tún fi purotéènì náà fúnra rẹ̀ kún un, wọ́n sì rí i pé ìrìn ẹrù yá sí i.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí áńtíbọ́dì ṣe?

Ọ̀nà tó pẹ́ jùlọ ni láti lo ẹranko. Wọ́n á fún ehoro tàbí ewúrẹ́ ní abẹ́rẹ́ tó ní ègé purotéènì ènìyàn nínú. Ara ẹranko náà á rí ohun àjèjì, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe áńtíbọ́dì láti dojú kọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á fa díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì yọ áńtíbọ́dì jáde láti inú omi ẹ̀jẹ̀ náà.

Àdàlù ni ohun tó máa ń jáde lọ́nà yìí. Oríṣiríṣi áńtíbọ́dì ló wà nínú rẹ̀, oníkálukú sì ń di ibi tirẹ̀ mú lára purotéènì náà. Ehoro kan kò sì jọ èkejì. Bí ehoro tó pèsè èyí tó dára bá kú, áńtíbọ́dì rẹ̀ parí nìyẹn. Ilé iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ehoro tuntun, kí orúkọ àti nọ́ńbà ara ìgò má yí padà, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti di nǹkan mìíràn. Èyí kò jọ bí ẹni ra iyọ̀ lọ́jà, tí tòní àti ti àná jẹ́ ọ̀kan náà.

Ní ọdún 1975, Georges Köhler tó jẹ́ ọmọ Jámánì àti César Milstein tó jẹ́ ọmọ Argentina wá ojútùú kan ní ìlú Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì nínú ara eku, wọ́n sì pa á pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí kì í dẹ́kun àtibímọ. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí jogún ìwà òbí rẹ̀ méjèèjì: ó ń ṣe áńtíbọ́dì, kò sì kú. Irú áńtíbọ́dì kan ṣoṣo ló sì ń ṣe. Wọn kò gba ìwé ẹ̀tọ́ oníǹkan lórí àwárí náà, èyí tó jẹ́ kí àwọn yàrá ìwádìí káàkiri àgbáyé lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Àmì ẹ̀yẹ Nobel tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1984, àwọn pẹ̀lú Niels Jerne.

Lóde òní, ìpele kẹta ti dé. Wọ́n lè ka àkọsílẹ̀ jíìnì áńtíbọ́dì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí wọ́n fi sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́, kí sẹ́ẹ̀lì náà sì máa ṣe é. Níwọ̀n ìgbà tí àkọsílẹ̀ bá ti wà, èyí tí wọ́n bá ṣe lónìí àti èyí tí wọ́n bá ṣe ní ogún ọdún sí i yóò jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìṣòro ìdílé tó jọra

Bí ẹnìkan bá dúró láàárín ọjà, tó sì pariwo pé "Ìyá Ìbejì!", kì í ṣe obìnrin kan ṣoṣo ni yóò yíjú wò ó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ áńtíbọ́dì rí nínú ìdílé annexin.

Ara ọ̀pọ̀ jùlọ annexin ló ní àgbékalẹ̀ kan náà: ègé mẹ́rin tó jọra, tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Bí ègé tí wọ́n fún ehoro bá wá láti ibi tí gbogbo ìdílé ti jọra, áńtíbọ́dì tó jáde lè máa dá A13 lóhùn, kó sì tún máa dá A4 tàbí A5 lóhùn pẹ̀lú. Ìbẹ̀rẹ̀ purotéènì náà ni ìyàtọ̀ ti pọ̀ jù láàárín wọn. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá fẹ́ áńtíbọ́dì tó mọ ẹni tó ń wá, apá ibẹ̀ ló yẹ kó ti mú ègé tirẹ̀.

A13 pàápàá tún ní ìbejì nínú. Jíìnì kan náà ló ń bí wọn, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni sẹ́ẹ̀lì ń gbà ka jíìnì náà. Ẹ̀dà kìíní, tí wọ́n ń pè ní a, ní amino acid 316. Ẹ̀dà kejì, b, ní 357, ìyẹn ni pé àfikún 41 wà nítòsí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Áńtíbọ́dì tó bá di ibi tí àwọn méjèèjì ti jọra mú yóò rí àwọn méjèèjì, kò sì ní lè sọ èyí tó jẹ́ Táíwò àti èyí tó jẹ́ Kẹ́hìndé. Èyí tó bá di àfikún 41 yẹn mú yóò rí b nìkan. Àwọn méjèèjì ló lè wúlò. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kí onímọ̀ ra ọ̀kan, kó sì rò pé èkejì ni òun rà, nítorí pé ilé iṣẹ́ tó tà á kò kọ ibi tí áńtíbọ́dì náà ń dì mú sínú ìwé rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fi wá purotéènì?

Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ ni wọ́n ń pè ní Western blot. Orúkọ yẹn kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìwọ̀-oòrùn ayé. Edwin Southern ló kọ́kọ́ ṣe irú àyẹ̀wò yìí fún DNA, wọ́n sì fi orúkọ bàbá rẹ̀ pè é, èyí tó túmọ̀ sí ti gúúsù. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣe ti purotéènì, wọ́n fi ṣe àwàdà, wọ́n pè é ní ti ìwọ̀-oòrùn, àwàdà náà sì di orúkọ.

Wọ́n á lọ ẹran ara ìfun, wọ́n á da omi rẹ̀ sí orí nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ, wọ́n á sì fi iná mànàmáná lé àwọn purotéènì náà kí wọ́n sáré la inú rẹ̀ kọjá. Àwọn kékeré á sáré jìnnà, àwọn ńlá á kù sẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á fi bébà pàtàkì kan gbé gbogbo wọn bí wọ́n ṣe tò, wọ́n á sì da áńtíbọ́dì sí i. Ibi tí áńtíbọ́dì bá lẹ̀ mọ́ ni ìlà dúdú kan yóò ti yọ.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Ẹ̀dà a ti Annexin A13 tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bíi kílódálítọ̀nù 35. Bí ìlà bá yọ ní 35, inú akẹ́kọ̀ọ́ á dùn, á sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òun ti rí i. Ṣùgbọ́n Annexin A4 àti A5 tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bíi 36, A1 àti A2 sì sún mọ́ 39, ibi tí ẹ̀dà b ti A13 náà ń rìn sí. A4 àti A2 sì wà nínú ìfun dáadáa. Ìwọ̀n nìkan kò lè dá ẹ̀gbọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí àbúrò nínú ìdílé tí gbogbo wọn ga bákan náà.

Ọ̀nà kejì ni láti gé ẹran ara ìfun wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi áńtíbọ́dì kùn ún, kí wọ́n sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Èyí ló ń fi han ènìyàn ibi tí purotéènì gbé wà gan-an, bóyá ní ojú òkè sẹ́ẹ̀lì ni tàbí nísàlẹ̀. Àwòrán rẹ̀ máa ń dára lójú, òun ló sì rọrùn jùlọ láti fi tan ara ẹni jẹ, nítorí pé àwọ̀ tó tàn kò ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé áńtíbọ́dì tó yege nínú ọ̀nà kan lè kùnà nínú èkejì. Nínú Western blot, wọ́n ti tú ìdì purotéènì náà, ó nà bí okùn. Nínú ẹran ara tí wọ́n gé, ó ṣì ká jọ bí ó ṣe wà. Ibi tí áńtíbọ́dì ń wá lè ti fara pamọ́ sínú ìṣẹ́po.

Nígbà tí áńtíbọ́dì bá tọ́ka sí ẹlòmíràn

Ìtàn kan tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí ṣẹlẹ̀ ní ìlú Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà. Ioannis Prassas àti Eleftherios Diamandis ń wá ohun tí wọ́n lè fi tètè mọ jẹjẹrẹ pancreas, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn ikùn tó ń ṣe insulin, nítorí pé ìgbà tí ọwọ́ bá ti bọ́ sórí ni wọ́n sábà máa ń mọ̀ nípa irú jẹjẹrẹ yìí. Purotéènì kan tó ń jẹ́ CUZD1 fún wọn ní ìrètí. Wọ́n ra ohun èlò àyẹ̀wò tó ní áńtíbọ́dì fún un, àbájáde rẹ̀ sì wúni lórí.

Ọdún méjì, ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn àti nǹkan bíi 500,000 dọ́là ni wọ́n ná sí i kí wọ́n tó rí òótọ́. Áńtíbọ́dì náà kò rí CUZD1 rárá. CA125 ló ń dì mú, purotéènì mìíràn tí àwọn dókítà ti mọ̀ tipẹ́ mọ́ jẹjẹrẹ ilé ẹyin obìnrin. Àwọn méjèèjì gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní gbangba ní ọdún 2014 láti kìlọ̀ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìwà akin ni, nítorí pé ọ̀pọ̀ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ló ń dákẹ́.

Ní ọdún 2015, Andrew Bradbury àti Andreas Plückthun, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ tó lé ní ọgọ́rùn-ún tó fọwọ́ sí i, kọ ìwé ìpè kan sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 800 mílíọ̀nù dọ́là ló ń ṣòfò lọ́dọọdún lórí áńtíbọ́dì tí kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rà á fún. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí wọ́n máa fi àkọsílẹ̀ jíìnì mọ áńtíbọ́dì kọ̀ọ̀kan, dípò orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ńbà ara ìgò.

Ìwádìí tó wá fi òté lé e jáde ní ọdún 2023 láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ YCharOS ní Montreal, Kánádà. Áńtíbọ́dì 614 tó wà lọ́jà, tí wọ́n ń tà fún purotéènì 65, ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò ní ọ̀nà kan náà. Ó lé ní ìdajì lára wọn tó kùnà nínú ó kéré tán irú àyẹ̀wò kan. Fún purotéènì kọ̀ọ̀kan, ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí ìwé ìwádìí méjìlá ló ti jáde tó lo áńtíbọ́dì tí kò rí ohun tó yẹ kó rí. Àwọn tí wọ́n fi àkọsílẹ̀ jíìnì ṣe ló ṣe dáadáa jù. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta áńtíbọ́dì bá wọn kópa nínú iṣẹ́ náà, wọ́n tún yẹ èyí tó ju ìdajì lọ wò nínú àwọn tó kùnà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ kúrò lórí àtẹ tàbí yí ìlànà bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lò ó padà.

Kí ló lè fọkàn ẹni balẹ̀?

Ẹ̀rí tó lágbára jùlọ rọrùn láti ṣàlàyé. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì méjì tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Ẹ yọ jíìnì ANXA13 kúrò nínú ọ̀kan, iṣẹ́ tí ohun èlò CRISPR ti mú rọrùn báyìí. Ẹ da áńtíbọ́dì kan náà sí àwọn méjèèjì. Bí ìlà bá yọ nínú èyí tó ní jíìnì, tí kò sì yọ nínú èyí tí kò ní, áńtíbọ́dì náà ń sọ òótọ́. Bí ìlà bá yọ nínú méjèèjì, ó ń pe orúkọ ẹni tí kò sí nílé, ẹlòmíràn ló sì ń dá a lóhùn.

Ní ọdún 2016, ẹgbẹ́ kan tí Mathias Uhlén, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, jẹ́ aṣáájú rẹ̀ dábàá ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà yẹ áńtíbọ́dì wò, yíyọ jíìnì sì wà lára wọn. Òmíràn ni láti lo áńtíbọ́dì méjì tó ń di ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú lára purotéènì kan náà, bí ìgbà tí ilé ẹjọ́ béèrè ẹlẹ́rìí méjì tí wọn kò mọ ara wọn. Fún purotéènì bíi ANXA13, ìrọ̀rùn kan tún wà: ìfun ló pọ̀ sí jù. Áńtíbọ́dì tó bá ń tàn yanran nínú ọpọlọ tàbí nínú iṣan ẹsẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó rà á béèrè ohun tó ń rí níbẹ̀.

Kí ló kan Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà?

Orílẹ̀-èdè Gambia ni ìwádìí kan ti wáyé tó yí bí ayé ṣe ń wo àìjẹunrekánú padà. Ní ọdún 1991, Peter Lunn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé ìpalára tó wà lára ìfun àwọn ọmọ ìkókó níbẹ̀ lè ṣàlàyé nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún àìdàgbàsókè wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé oúnjẹ nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ọmọ lè jẹun kí ògiri ìfun rẹ̀ máa jò, kí kòkòrò máa gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí àǹfààní oúnjẹ náà sì máa lọ lásán. Ṣúgà méjì tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà mu, tí wọ́n sì wá a nínú ìtọ̀ wọn, ni wọ́n fi wọn bí ìfun ṣe ń jò tó.

Láti ìgbà náà, àwọn olùwádìí ti ń wá ọ̀nà tó rọrùn ju ìtọ̀ ọmọ ìkókó gbígbà lọ. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni purotéènì ìfun mìíràn tó ń jẹ́ I-FABP, tó ń gbé ọ̀rá kiri nínú sẹ́ẹ̀lì ìfun. Ilé ni ó máa ń wà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, á jò sínú ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ní áńtíbọ́dì nínú á sì rí i. Bí áńtíbọ́dì yẹn bá ń dá ẹbí rẹ̀ kan tó wá láti inú ẹ̀dọ̀ lóhùn, wọ́n lè sọ pé ìfun ọmọ kan ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń dùn ún, tàbí kí wọ́n sọ pé oúnjẹ ìrànwọ́ kan kò ṣiṣẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Fún yàrá ìwádìí ní Ìbàdàn, Accra tàbí Cotonou, wàhálà mìíràn tún wà lórí èyí. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì ti ń wá, nínú yìnyín, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Inú òtútù tó lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 20 sísàlẹ̀ òdo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbé. Bí ó bá dì, tó yọ́, tó tún dì, agbára rẹ̀ á máa dín kù, ẹni tó bá sì mọ bí iná mànàmáná ṣe ń wá tó ń lọ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń pín in sínú ìgò wẹ́wẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé, kí wọ́n lè máa yọ ọ̀kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ jíìnì rẹ̀, èyí tí wọn ìbá fi yẹ̀ ẹ́ wò, sì sábà máa ń wọ́n ju áńtíbọ́dì fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tí owó kò bá tó sí, àyẹ̀wò yìí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò.

Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí kò gba owó. YCharOS ń gbé gbogbo àbájáde rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ńlá tí Uhlén bẹ̀rẹ̀ ní Sweden ní ọdún 2003, tí wọ́n ń pè ní Human Protein Atlas, náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú àwòrán ibi tí purotéènì kọ̀ọ̀kan wà nínú ara, ANXA13 pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù àti dátà lè wò ó kó tó san kọ́bọ̀. Ó tún lè béèrè nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń jẹ́ RRID, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó ka ìwé ìwádìí mọ áńtíbọ́dì tí wọ́n lò gan-an.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn wá ńkọ́? Àkọlé "fún iṣẹ́ ìwádìí nìkan" túmọ̀ sí pé wọn kò tíì fi ìgò náà yege ìdánwò tí wọ́n ń béèrè fún ohun tí wọn yóò fi ṣàyẹ̀wò ènìyàn. Kò yẹ kí ilé ìwòsàn kankan fi irú rẹ̀ sọ fún aláìsàn pé ó ní jẹjẹrẹ tàbí pé kò ní. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2003 tó gbé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì yàrá àyẹ̀wò ìṣègùn, MLSCN, kalẹ̀ fi àbójútó èròjà tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò àìsàn lé e lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n bá ní kó san owó àyẹ̀wò tuntun kan tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ yàrá àyẹ̀wò náà bóyá ohun èlò tí wọ́n fẹ́ lò wà fún aláìsàn, tàbí fún iṣẹ́ ìwádìí. Ara páálí rẹ̀ ni ìdáhùn náà wà.